Ooru Tó Ń Bọ̀

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni ìyàwó ọmọ mi ń ṣe. Mo máa ń ní iṣẹ́ ojú ọjọ́ ni. Wọ́n á ní, "Ẹn-ẹn, òun ló ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀." Màá ní rárá. Wọ́n á ní, "Kí ló wá ń ṣe?" Ibẹ̀ ni mo máa ń dákẹ́ sí. Àlàyé rẹ̀ gùn, ẹni tó ń béèrè sì ti ń wo ọ̀nà. Mo wá kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó kà á.

Bíríkìlà ni mí kí orúnkún mi tó kọ iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, mẹkáníìkì ni. Ilé rẹ̀ ni mò ń gbé, nínú yàrá tó kángun sí pálọ̀. Pálọ̀ yẹn ni ìyàwó rẹ̀ sọ di ọ́fíìsì. Tábìlì kan, àga kan tí tìmùtìmù rẹ̀ ti bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kọ̀ǹpútà méjì, fèrèsé tó kọjú sí ògiri aládùúgbò. Kì í fi nǹkan kan bọ etí nígbà ìpàdé. Ó ní ó ń dun òun létí. Nítorí náà gbogbo ìpàdé rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mi ò fetí kọ́ ọ. Ògiri àárín wa fẹ́lẹ́. Èmi kọ́ ni mo mọ ọ́n.

"Ìyàwó" ni mò ń pè é. Awakọ̀ òfurufú ló fẹ́ jẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá rẹ̀, tó ń ta bàtà, sọ fún un pé ẹni tí kò gun òkè kì í já bọ́. Kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ló já a kulẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò ríran jìnnà tó. Ó sunkún, ó nu ojú nù, ó lọ gba iṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń ka ẹ̀rọ ojú ọjọ́ fún àwọn tó ń fò. Ó ní bí òun ò bá lè wà á, òun á máa sọ fún ẹni tó ń wà á ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Níbẹ̀, bí èèyàn bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, òkú lè sùn. Ó ti mọ́ ọn lára láti ìgbà náà. Ó máa ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bí àwa ṣe ń yẹ pákó wò ká tó gùn ún.

Ibẹ̀ náà ló ti pàdé ọmọ mi. Mọ́tò ọ́fíìsì wọn kọ iṣẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀, ó ní, "Mà, mò ń bọ̀," ó sì lọ. Ó lọ wá páàtì. Ìyàwó dúró ti mọ́tò nínú oòrùn títí oòrùn fi sú u.

Nígbà tó padà dé, ó ní, "O ní o ń bọ̀."

"Ṣebí mo ti dé."

"Ìgbà tí o ń lọ lo ní o ń bọ̀!"

"Mà, bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ṣé kí n ní mò ń lọ ni? Ẹ ò ní rò pé mo ti sá lọ?"

Inú bí i, ẹ̀rín sì pa á. Wọ́n fẹ́ra lẹ́yìn náà. Ọmọ mi ò yí padà. Títí dòní, á kọ ẹ̀yìn sí wa lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Mò ń bọ̀ o," á sì máa lọ.

Ó dáa. Iṣẹ́ tí ìyàwó wá ń ṣe báyìí nìyí.

Ilé iṣẹ́ kan wà tó ní kọ̀ǹpútà tó gba ilé kan tán. Wọ́n kọ́ ojú ọjọ́ àtọwọ́dá sínú rẹ̀: oòrùn, ìkùukùu, òkun, ilẹ̀. Wọ́n á ní kó máa yí lọ, kí wọ́n lè mọ bí ayé ṣe máa gbóná tó nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ wa bá darúgbó. Ilé iṣẹ́ mìíràn ní tirẹ̀. Òmíràn tún ní tirẹ̀. Wọn ò rí bákan náà. Nítorí náà wọ́n ń kó èsì gbogbo wọn jọ sínú àká kan, kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó lè fi wọ́n wéra.

Nọ́ńbà ni èsì náà. Nọ́ńbà bí iyanrìn. Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ ohun tí nọ́ńbà jẹ́ ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i lórí. Iṣẹ́ ìyàwó ni láti rí i pé orúkọ kan ò pe ohun méjì. Òun ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ orúkọ fún gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ yìí. Orúkọ tí kò bá fọwọ́ sí, kò ní wọ àká.

Ó rọrùn létí, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé òjò wò. Ilé kan, òjò nìkan ló kà. Ilé kejì ka yìnyín mọ́ ọn. Ilé kẹta ń ro gbogbo òjò pọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà òjò tiwọn kì í dá, ńṣe ló ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ bí ẹ̀ṣẹ̀. Gbogbo wọn kọ "òjò" sí i lórí. Ìyàwó bẹ̀bẹ̀, ó jà, ó ṣàlàyé. Obìnrin kan ládùúgbò lóyún, ó bí, ó já ọmú lẹ́nu ọmọ, kí wọ́n tó gbà kí èyí jẹ́ "òjò nìkan", kí ìyẹn jẹ́ "ohun gbogbo tó ń rọ̀".

Eré ni ti òjò. Ti ooru ló fẹ́ pa á.

Oòrùn ń rán ooru sí wa. Ìyẹn ò níjà nínú. Ṣùgbọ́n òfurufú fúnra rẹ̀ náà ń rán ooru wálẹ̀, tọ̀sán tòru, ìkùukùu ń rán tirẹ̀. Ilẹ̀ náà sì ń rán ooru padà sókè. Ojú kì í rí i; ẹ̀rọ ló ń kà á. Ohun méjì ni: ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan ń gòkè. Ìyàwó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe ń gbóná, kó má tíì sọ̀rọ̀ tí kò bá mọ méjèèjì.

Nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé fún un, ọ̀kan ń jẹ́ "ooru tó ń bọ̀", èkejì ń jẹ́ "ooru tó ń lọ".

Ẹ ti rí ibi tó wọ́ sí.

Ẹni tó dúró sórí ilẹ̀, ooru tó ń bọ̀ lójú tirẹ̀ ni èyí tó ń ti òkè wá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ náà ló dúró sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dàgbà jù nínú wọn, sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tí wọ́n jù sókè láti máa wo ilẹ̀, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkè ni wọ́n dúró sí. Ooru tó ń bọ̀ lójú tiwọn ni èyí tó ń ti ilẹ̀ gòkè wá bá wọn. Orúkọ kan náà, ohun méjì tó kọ̀yìn síra.

Olùkọ́ kan tó ń lo àká náà ló da èsì gbogbo ilé pọ̀, ó pín in, ó rí i pé ohun tó jáde ò jọ nǹkan kan. Ó kọ̀wé sí ìyàwó. Ìyàwó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pariwo débi pé tíì mi dà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Bàbá! Wọ́n ka ẹni tó ń wọlé, wọ́n ka ẹni tó ń jáde, wọ́n pa wọ́n pọ̀, wọ́n ní àlejò tó wá nìyẹn!"

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Kí wọ́n pa "bọ̀" àti "lọ" rẹ́. Kí wọ́n kọ "ooru tó ń sọ̀kalẹ̀" àti "ooru tó ń gòkè". Ibi yòówù kí èèyàn dúró sí, òkè ni òkè, ilẹ̀ ni ilẹ̀. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé, ó lọ dáná. Ó ń kọrin nídìí iná. Ó rò pé ó ti parí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan kí n tó máa lọ. Àkókò tí wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn àká ti ń sún mọ́. Bí wọ́n bá ti tì í, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ayé á máa lò fún ọdún gbọọrọ. Orúkọ ìyàwó ló máa wà nísàlẹ̀ àkọsílẹ̀ pé òun ló yẹ̀ ẹ́ wò. Alága ìgbìmọ̀ tó ń darí àká náà sì ti kìlọ̀ fún un: bí ìlà kan bá dá gbogbo rẹ̀ dúró, ẹlòmíràn ló máa jókòó sórí àga rẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n èèyàn kì í jà báyìí lórí ohun tí kò fẹ́ràn.

Nínú ìgbìmọ̀ náà, ó ní orúkọ tó ń pè wọ́n lábẹ́lẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó dàgbà jù yẹn ń jẹ́ Bàbá Ó-ti-pẹ́, torí pé gbólóhùn yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan láti ilé mìíràn ń jẹ́ Ìyá Ẹ-jẹ́-ká. Ohun gbogbo ni ẹ jẹ́ ká sún síwájú. Alága, alága náà ni.

Ìpàdé àkọ́kọ́ lórí ooru, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Alága ní.

"À ń gbọ́ yín, sà."

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"À ń gbọ́ o, sà! Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ wa!"

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ara wọn, Bàbá Ó-ti-pẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tá a ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà yẹn, ẹ̀yin mìíràn ò tíì mọ ìkùukùu yàtọ̀ sí òwú."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni, sà. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ láti ibo, sà? Sí ibo?"

"Sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó."

"Ibo ni onítọ̀hún wà, sà?"

"Ibi tó yẹ kó wà!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára pa ohùn rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ná," Bàbá Ó-ti-pẹ́ ní. "Atẹ́gùn ńkọ́? Ibi tó ti ń bọ̀ ni gbogbo ayé fi ń pè é. Omi tó ń ṣàn nínú òkun, ibi tó ń lọ ni wọ́n fi ń pè é. Ta ló ti ṣìnà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ṣìnà, sà, torí pé ojú kan náà ni gbogbo wa fi ń wò ó. Ti ooru yìí, ẹ̀yin wà lókè, àwa wà nílẹ̀."

"Kí ló le níbẹ̀? Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa mọ ohun tí 'ń bọ̀' jẹ́!"

"Sà, ọkọ mi ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ń jáde lọ ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alága pàápàá. Èmi náà ki aṣọ bọnu. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ẹ̀rín Bàbá Ó-ti-pẹ́. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àgbà tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín lójú àwọn ọmọ kéékèèké, bó o bá fún un ní góòlù, á ní idẹ ni.

Ìyá Ẹ-jẹ́-ká ní, "Ẹ jẹ́ ká sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀."

Ẹnì kan ní, "Èyí tó ń bọ̀ látòkè ni àbí látilẹ̀, mà?"

Wọ́n túká pẹ̀lú ẹ̀rín. Orúkọ ò yí padà.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ìpàdé lórí ìpàdé. Wọ́n á sọ ti ọjọ́sí, wọ́n á tún un sọ, wọ́n á ní àkókò ti tán. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó ń fọ abọ́ mímọ́.

Ọmọ mi sọ fún un níbi oúnjẹ pé, "Pè é ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ jàre. Ooru ni ooru."

"Kí n máa pe bíréèkì ní jíà fún ẹ?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ìyẹn ń pa èèyàn."

"Èyí náà ń pa á. Kò kàn tètè pa á ni."

Ọmọ mi wò mí. Mo wo abọ́ mi.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn ni ìyàwó wá bá mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé ọ́fíìsì Bàbá Ó-ti-pẹ́. Àgbà ni wọ́n. Bí wọ́n bá rí àgbà lẹ́yìn mi, ọkàn wọn lè rọ̀." Mo wọ bàtà. A wọ bọ́ọ̀sì.

Ilé gíga ni. Táìsì ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ń kánjú. Yàrá ọ̀gá náà tutù bí inú fíríìjì. Wọ́n fi okùn so ère ẹ̀rọ wọn tó ń wo ilẹ̀ látòkè kọ́ sí àjà, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí wa. Obìnrin kan jókòó sí igun níwájú kọ̀ǹpútà, kò sọ̀rọ̀. Òun náà máa ń wà nípàdé, kò ṣí ẹnu rí. Adákẹ́ ni ìyàwó ń pè é.

Bàbá Ó-ti-pẹ́ dìde fún mi. Ó fún wa ní omi nínú gíláàsì. "Ẹ káàbọ̀, ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ! Iṣẹ́ wo lẹ ṣe o, ẹ̀gbọ́n?"

"Bíríkìlà."

"Áà! Iṣẹ́ ọlọ́lá! Bí kò bá sí bíríkìlà, orí ta ni ọ̀làjú ìbá dúró lé?"

Mo bi í pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà.

Nígbà tí mo padà, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ó gbé ojú kúrò lára ìyàwó, ó kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó lágídí."

"Ẹnu tirẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀, sà," mo ní. "Èmi kàn bá a wọ bọ́ọ̀sì ni."

Ìyàwó kúnlẹ̀. Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀. "Sà, mi ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ 'bọ̀' nínú ilé yín. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, nígbà tó bá ń jáde bọ̀ sínú àká."

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Ọmọ mi, orúkọ yẹn wà níbi tí ẹnì kan ò lè kà tán nínú ẹ̀rọ wa. Àwọn tó kọ ọ́ ti lọ. Òmíràn ti kú. Bó o bá fọwọ́ kan ọ̀kan, o ò mọ èyí tó máa wó."

Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ nígbà tó sọ ìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kankan nínú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo gbà gbọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, bóyá wọn ì bá rí ọ̀nà. Kò dúró. Ó tún di ògo àwọn aṣíwájú, ó tún di ohun àjogúnbá tí kò gbọdọ̀ parun. Mo sọ gíláàsì kalẹ̀.

Adákẹ́ sìn wá dé ibi àtẹ̀gùn. Ó wo ẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. "Mà, ó ṣeé ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Ọ̀gá ní ká má dán an wò."

"Ṣé wàá lè sọ bẹ́ẹ̀ nípàdé?"

"Mò ń bọ̀, mà," ó ní, ó sì wọlé. Kò jáde mọ́.

Ìpàdé ìkẹyìn. Ó ti rẹ gbogbo wọn. Èèyàn ń gbọ́ ọ nínú ohùn wọn. Ìyá Ẹ-jẹ́-ká ní, "Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ká wá kọ àlàyé kékeré sísàlẹ̀ pé ní ilé kan, ó lè jẹ́ òdì-kejì." Inú wọn dùn. Ọgbọ́n ńlá ni lójú wọn.

"Ta ní ń ka àlàyé ìsàlẹ̀, mà?" ìyàwó ní.

"Ẹni tó bá lọ́gbọ́n."

"Olùkọ́ tó kọ̀wé sí mi lọ́gbọ́n, mà. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ kóun wá ni."

Alága mí kanlẹ̀. "Àbúrò, fọwọ́ sí i ká máa lọ. Ó ti sú wa."

Mo gbọ́ tí àga ìyàwó dún ní pálọ̀.

"Mi ò lè fọwọ́ sí i, sà. Mo ti yọ ọ́."

"O yọ kí ni?"

"Ooru méjèèjì. Ìyókù, mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ lè ti ìlẹ̀kùn."

Ariwo sọ. Bàbá Ó-ti-pẹ́ ló borí gbogbo wọn. "Àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ tí kò ní ooru! Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ nìyẹn!"

"Ó sàn ju èyí tí wọ́n da ṣúgà sí tí wọ́n ní iyọ̀ ni, sà."

Alága pa ohùn àwọn tó kù, ó ní kí òun àti ìyàwó sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Wọ́n máa ṣí ìlẹ̀kùn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọdún. Bí ooru ò bá wọlé nígbà náà, kó dìde fún ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ kí n lè sọ pé ohun tó ṣe yẹn tún nǹkan ṣe. Kò tún un ṣe. Àwọn tó ń lo àká bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé: ooru dà? Ojoojúmọ́. Ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilé iṣẹ́ náà sì wá ń gbé ooru wọn síta fúnra wọn, lẹ́yìn àká, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tó wù ú. Ọ̀kan kọ "ooru òkè". Ọ̀kan kọ "ooru tó dé". Ọ̀kan kọ lẹ́tà méjì péré tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Orúkọ kan ló fa ìjà tẹ́lẹ̀. Ó ti di ọ̀wọ́.

Ìyàwó wọ yàrá mi, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. "Bàbá, mo ti bà á jẹ́ ju bí mo ṣe bá a lọ."

Mi ò ní purọ́ fún un. Mo ní, "Má tíì dìde." Kò dìde. A gbọ́ tí aládùúgbò ń bá ajá rẹ̀ wí.

Nígbà tó di àárín ọdún, ní òwúrọ̀ kan, mo gbọ́ igbe. Mo rò pé iná jó o. Bàbá Ó-ti-pẹ́ ti fi ooru ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí i lórí gbàgàdà: "Ooru tó ń sọ̀kalẹ̀." Kò sí "bọ̀" níbì kankan. Alága pè lójú ẹsẹ̀. "Àbúrò, o borí! Agídí rẹ yìí á pa wá, ṣùgbọ́n o borí. Fọwọ́ sí i kíákíá, a fẹ́ ti ìlẹ̀kùn." Ìyá Ẹ-jẹ́-ká náà kọ̀wé kí i. Ọmọ mi gbé e sókè ní pálọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọ̀ǹpútà nù.

"Gbé mi sílẹ̀," ìyàwó ní. "Jẹ́ kí n wò ó ná."

Ó jókòó. Ó kọ́kọ́ wo aṣálẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ibẹ̀ ló máa ń wò kó tó wo ibòmíràn. Ó wò ó, ó tún un wò. Èmi ni mo dìde lọ bá a.

"Bàbá, wọ́n ti yí orúkọ padà."

"Ó dáa náà."

"Orúkọ nìkan."

Ó fi hàn mí. Nọ́ńbà yẹn ga jù. Òfurufú kì í rán irú ooru bẹ́ẹ̀ wálẹ̀. Ilẹ̀ tó ti gbóná ló ń rán an sókè. Ohun tí wọ́n ń pè ní "tó ń bọ̀" látijọ́ ni, èyí tó ń gòkè. Wọ́n fi "sọ̀kalẹ̀" rọ́pò "bọ̀", wọn ò wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè máa ṣiyèméjì. Báyìí, irọ́ pọ́ńbélé ni.

Ó pe Adákẹ́. "Ẹ̀yin yìí, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ọ̀gá ní ká yí 'bọ̀' sí 'sọ̀kalẹ̀' níbi gbogbo, mà. A yí i."

"Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ yín, 'bọ̀' ni 'gòkè'!"

"Mo sọ fún wọn, mà. Wọ́n ní ohun tẹ́ ẹ béèrè nìyẹn, ká ṣe é fún yín kẹ́ ẹ jẹ́ ká rímú mí."

Ó kọ̀wé sí Bàbá Ó-ti-pẹ́ fúnra rẹ̀. Èsì dé: "Ọmọ mi, o ní ká yí orúkọ padà, a ti yí i. Kí lo tún fẹ́?"

Kò sí ẹlòmíràn tó rí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn yé yín. Bó bá fọwọ́ sí i lọ́sàn-án yẹn, àga rẹ̀ dúró, gbogbo ayé á máa kí i. Ọmọ mi sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. "Fọwọ́ sí i. Kó o tún un ṣe tó bá yá."

"Wọ́n á ti ti ìlẹ̀kùn."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa ti ìlẹ̀kùn mọ́?"

Ìyàwó kọ̀wé sí Alága pé òun ò fọwọ́ sí i, ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn méjì, ó rán an. Ó lọ ká aṣọ lórí okùn.

Alága ò bá a jà. Ì bá sàn kó jà. Ó kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ takuntakun. Wọ́n gbé e lọ sídìí àkọsílẹ̀ omi inú ilẹ̀, lábẹ́ ẹlòmíràn, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí bí ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó kí wọ́n tó lè pè é ní inú ilẹ̀. Wọ́n fi ọkùnrin kan sípò rẹ̀, láti ilé iṣẹ́ Ìyá Ẹ-jẹ́-ká. Wọ́n sọ fún un pé ìbuwọ́lù kan ló kù, wọ́n máa ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ dè é.

Ọkùnrin náà pe ìyàwó. Ohùn ọmọlúàbí. "Ẹ má bínú, mà. Fáìlì ooru yìí. Mo wo aṣálẹ̀. Ó dà bíi pé…"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyàwó ní.

Ọkùnrin náà ní, "Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́, mà. Kí lẹ rò?"

"Ọwọ́ rẹ ló wà báyìí."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi náà ń bẹ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ ló wà."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ti lọ, òmíràn ti tẹ̀lé e. Kò tíì fọwọ́ sí i. Kò sì tíì sọ pé òun kọ̀. Ìyàwó ń yọjú wo àká láràárọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wò ó láàárọ̀ yìí. Ààyè ooru ṣì ṣófo.